Igi á yè o, àmọ́ ṣé ó máa so?

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ lọ́kàn mi, torí àwọn èèyàn máa ń bi mí gan-an pé igi eléso wo làwọn lè gbìn sẹ́yìnkùlé, tí mo bá sì bi wọ́n padà pé báwo lojú ọjọ́ ṣe ń rí lọ́dọ̀ yín látìbẹ̀rẹ̀ ọdún dópin, wọ́n á ní ooru ń mú, òjò ń rọ̀, ó tán. Kò tán síbẹ̀ o. Gbogbo ọdún tí mo ti ń gbin igi, tí mò ń ṣọ́ tèmi, tí mo tún ń lọ wo tàwọn ẹlòmíì, ohun tó ti dá mi lójú jù ni pé bí igi ṣe yè níbì kan, kò ní ká sọ pé ó máa so níbẹ̀. Igi lè tóbi, kí ewé ẹ̀ máa dán, kí ẹ máa jókòó sábẹ́ ẹ̀ lọ́sàn-án, kó má sì so ẹyọ kan títí ọdún á fi máa gorí ọdún. Ohun tó yẹ kéèyàn béèrè ni pé kí ló máa ń mú kí igi yìí tanná, ṣé nǹkan ọ̀hún wà lọ́dọ̀ mi, tó bá sì tanná tán, irú ojú ọjọ́ wo ló máa bá òdòdó ẹ̀ níta.

Ẹ jẹ́ kí n fi ápù ṣàlàyé, torí òun ló máa ń wu àwọn tó wà níbi tí ooru ti ń mú jù. Orí òkè Tian Shan lápá Kazakhstan ni ápù inú igbó tó bí tòde òní yìí ti wá, ibẹ̀ máa ń tutù gan-an, yìnyín á sì bo ilẹ̀ lásìkò òtútù. Tí òdòdó bá lọ yọ láàárín òtútù yẹn torí pé oòrùn ràn fún ọjọ́ méjì, yìnyín máa pa gbogbo ẹ̀ ni, ọdún yẹn sì ti lọ lórí òfo. Torí ẹ̀ ni igi ápù fi máa ń sùn, kì í sì í jí dáadáa àfi tó bá ti gba iye òtútù tó fẹ́ gbà. Wákàtí ni wọ́n fi ń ka òtútù ọ̀hún, ìyẹn wákàtí tí ojú ọjọ́ bá fi wà láàárín òdo sí nǹkan bíi dígírì 7 ti Celsius, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ápù tó lórúkọ sì máa ń fẹ́ tó wákàtí 800 sí 1,000. Níbi tó jẹ́ pé òru tó tutù jù lọ́dún ṣì wà ní dígírì 20, òdo niye wákàtí yẹn, ẹ báà máa bomi rin ín láràárọ̀, ẹ báà da gbogbo ìgbẹ́ adìyẹ tó wà láyé sídìí ẹ̀.

Mo mọ igi ápù kan tó wà nírú ibẹ̀. Kò kú. Ṣónṣó orí ẹ̀ka nìkan ló ń yọ ewé sí, gbogbo ìsàlẹ̀ ẹ̀ka wà lóròòhò, òdòdó méjì mẹ́ta á ṣàdédé yọ nígbà tẹ́nì kan ò retí ẹ̀, wọ́n á sì rẹ̀ dànù. Ẹni tó ni ín ń rò pé àrùn ló ń ṣe é, ó ń ra oògùn, ó ń fín in, àmọ́ kò sí àrùn kankan lára igi yẹn, oorun ni kò rí sùn.

Mi ò ní kẹ́nikẹ́ni má gbin ápù o. Àwọn irú kan wà tí kò béèrè òtútù púpọ̀: Anna tí wọ́n mú jáde ní Ísírẹ́lì kì í fẹ́ ju nǹkan bíi wákàtí 200 sí 300 lọ, Dorsett Golden tó wá láti Bahamas náà kì í fẹ́ púpọ̀, àwọn méjèèjì sì máa ń tanná pọ̀, kí oyin lè máa gbé lẹ́búlẹ́bú inú òdòdó láti ara ọ̀kan sí èkejì, torí ápù kì í fi bẹ́ẹ̀ dá so. Lápá Batu nítòsí Malang ní Indonesia, ilẹ̀ olóoru ni, síbẹ̀ ápù ń so níbẹ̀. Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé tí wọ́n bá ti ká èso tán, wọ́n á fọwọ́ já ewé ara igi dànù, igi ò wá ní ráyè sùn, ó máa yọ ewé àti òdòdó míì, wọ́n sì lè ká a lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ nípa èyí, inú mi dùn gan-an, torí àwọn tó ronú ẹ̀ mọ igi wọn dénú. Àmọ́ orí òkè ni Batu wà, ẹ má gbàgbé ìyẹn. Bí èèyàn bá ṣe ń gòkè, tó bá ti tó mítà 1,000, ojú ọjọ́ á ti fi nǹkan bíi dígírì 6.5 tutù ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Ẹni tó wà nílẹ̀ pẹrẹsẹ létí òkun, kó má torí pé ó ka èyí kó wá lọ máa já ewé igi.

Máńgòrò ńkọ́? Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé ibi tí ooru bá ṣáà ti wà, máńgòrò á ṣe dáadáa. Ó máa hù lóòótọ́. Àmọ́ kí òdòdó tó yọ, ohun kan gbọ́dọ̀ dá a dúró kó má yọ ewé tuntun mọ́. Níbi tí òtútù díẹ̀ ti máa ń wà, òru tó bá tutù tó lọ sílẹ̀ ju dígírì 20 ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Níbi tí ooru ò ti dáwọ́ dúró, ọ̀gbẹlẹ̀ ló ń ṣe é: omi á wọ́n nínú ilẹ̀, igi á dákẹ́, ẹ̀ka tó ti yọ tẹ́lẹ̀ á gbó, òdòdó á wá yọ lórí ẹ̀. Ẹ wá wo ibi tí òjò ti ń rọ̀ lóṣù méjèèjìlá. Ewé pupa rírọ̀ lẹ ó máa rí lórí igi máńgòrò yín, tí ìyẹn bá gbó, òmíì á yọ, ewé lórí ewé, àfi bí ẹni tó ń múra òde tí kò jáde nílé. Mo ti rí i ju ibì kan lọ, igi ńlá tó rẹwà, kò sí nǹkan kan lórí ẹ̀.

Tí òdòdó bá wá yọ tán, wàhálà kejì ló kù. Òdòdó máńgòrò kì í fẹ́ òjò rárá. Àrùn kan wà tó máa ń bá ọ̀rinrin rìn, anthracnose lorúkọ ẹ̀, tí òjò bá ń kán sórí òdòdó yẹn tàbí tí ìrì pọ̀ jù, ó máa dúdú láti ìdí dé orí, ẹ máa rò pé iná ló jó o. Nínú ọgbà tèmi, ọdún tí òjò bá tètè dé, tó bá òdòdó níta, èso tó máa kù kì í tó nǹkan, ọdún tí ilẹ̀ bá gbẹ títí èso á fi tó ọmọ ìka, ẹ̀ka máa ń tẹ̀ dọ́dọ̀ ilẹ̀ ni. Igi kan náà, ilẹ̀ kan náà, ajílẹ̀ kan náà. Torí ẹ̀, tẹ́nì kan bá bi mí pé ṣé kóun gbin máńgòrò, oṣù tí òjò ń dá lọ́dọ̀ ẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ bi í. Tí kò bá tó oṣù méjì mẹ́ta tó gbẹ dáadáa, mo máa ń sọ fún un pé kó wá igi míì.

Ọkùnrin ọmọ Philippines kan wà tó ń jẹ́ Ramon Barba, onímọ̀ nípa ọ̀gbìn ni, láàárín ọdún 1970 sí 1979 òun ló ṣàwárí pé téèyàn bá po kẹ́míkà tó ń jẹ́ potassium nitrate mọ́ omi tó sì fín in sórí igi máńgòrò, òdòdó á yọ láìjẹ́ pé àsìkò ẹ̀ tó. Orílẹ̀-èdè wọn fi orúkọ ńlá dá a lọ́lá torí ẹ̀, ó sì tọ́ sí i, torí ẹni tí iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́ kí àgbẹ̀ lè yan ìgbà tí igi máa so, ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe gudugudu méje. Àmọ́ ẹ̀ka tó ti gbó nìkan ló ń gbọ́ ọ, kì í sì í ṣe gbogbo irú máńgòrò ló ń jẹ́ ẹ. Bẹ́ẹ̀ ni kò sọ pé kí òjò má pa òdòdó tó bá yọ tán.

Ọsàn náà fara jọ máńgòrò, ọ̀gbẹlẹ̀ ló ń mú òun náà tanná níbi tí òtútù ò sí, òjò àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọ̀gbẹlẹ̀ ló sì máa ń jí òdòdó ẹ̀, tí gbogbo ọgbà á fi máa ta sánsán. Ọsàn wẹ́wẹ́ kì í le tó bẹ́ẹ̀, ó lè tanná lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ọdún, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fáwọn tí òjò ọ̀dọ̀ wọn kì í dá pé òun ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Nǹkan kan wà nípa ọsàn tó máa ń dun èèyàn lásán. Èèyàn á gbin irú tó dáa, á so, á wá máa dúró kó pọ́n, títí èso á fi jábọ́ fúnra ẹ̀. Àwọ̀ ewé tó wà lára èèpo ọsàn, òru tó tutù ló ń mú un kúrò. Níbi tí òru ti gbóná, ọsàn á gbó, á dùn, omi á kún inú ẹ̀, èèpo ẹ̀ á ṣì wà ní àwọ̀ ewé. Ẹ já ọ̀kan, ẹ là á, ẹ tọ́ ọ wò. Ahọ́n ni kẹ́ ẹ fi mọ̀ ọ́n, ẹ má wo èèpo.

Igi tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn ni píà, òun ni mo sì máa sọ̀rọ̀ lé jù níbí, ẹ fara balẹ̀ fún mi. Àwọn èèyàn máa ń rò pé píà kan náà ni gbogbo píà. Ìdílé mẹ́ta ni. Ti orí òkè Mexico wà, ti Guatemala wà, tí wọ́n tún ń pe èkẹta ní ti West Indies, ìyẹn ti ilẹ̀ ìsàlẹ̀. Ti Mexico ló lè fara da òtútù jù, èso ẹ̀ kéré, èèpo ẹ̀ fẹ́lẹ́. Ti Guatemala wà láàárín, èèpo ẹ̀ máa ń nípọn. Ti ilẹ̀ ìsàlẹ̀ ló fẹ́ràn ooru àti ọ̀rinrin, ó lè fara da iyọ̀ inú ilẹ̀ ju àwọn tó kù lọ, èso ẹ̀ máa ń tóbi, kì í lọ́ràá tó ti àwọn tó kù, òtútù díẹ̀ sì ti tó láti pa á. Píà Hass tí gbogbo ayé ń pariwo, California ló ti jáde, Rudolph Hass gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀ lọ́dún 1935, ìdílé Guatemala ló sì pọ̀ jù lára ẹ̀. Ẹni tó bá wà nílẹ̀ tó gbóná tó sì ní ọ̀rinrin nígbà gbogbo, tó wá lọ gbin Hass torí pé ó rí i níta, á rí i pé ti ìdílé ilẹ̀ ìsàlẹ̀ tí aládùúgbò ẹ̀ gbìn ń so ju tiẹ̀ lọ. Ìdílé ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ mọ̀, kó tó wá mọ orúkọ.

Òdòdó píà tún wá ní ìwà kan tí mi ò rí lára igi míì nínú ọgbà mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni òdòdó kọ̀ọ̀kan máa ń ṣí. Àkọ́kọ́, á ṣí gẹ́gẹ́ bí abo, á pa dé, lọ́jọ́ kejì á tún ṣí gẹ́gẹ́ bí akọ. Àwọn igi tí wọ́n ń pè ní A, àárọ̀ ni abo wọn ń ṣí, ọ̀sán ọjọ́ kejì ni akọ ń ṣí. Àwọn tí wọ́n ń pè ní B, ọ̀sán ni abo wọn ń ṣí, àárọ̀ ọjọ́ kejì ni akọ. Hass jẹ́ A, Fuerte, ìyẹn irú píà míì, jẹ́ B. Téèyàn bá gbìn wọ́n sítòsí ara wọn, láàárọ̀ tí abo A bá ṣí, akọ B wà níta, lọ́sàn-án tí abo B bá ṣí, akọ A wà níta, oyin ló kù kó máa ṣiṣẹ́. Mo ti jókòó tì wọ́n láàárọ̀ tí mo tún padà lọ lọ́sàn-án, mo ń fojú ara mi wò ó, ó yà mí lẹ́nu títí dòní. Igi kan ṣoṣo lè so o, torí tí ojú ọjọ́ bá yí díẹ̀, àkókò ṣíṣí yẹn máa ń dàrú, akọ àti abo á pàdé lórí igi kan náà, àmọ́ tí àyè bá wà fún méjì, ẹ gbin méjì, ọ̀kan A, ọ̀kan B.

Ohun tó ń pa píà jù kì í ṣe ooru, kì í ṣe ọ̀gbẹlẹ̀ pàápàá, omi tó dúró sídìí ẹ̀ ni. Gbòǹgbò ẹ̀ kì í lọ jìnnà, òkè ilẹ̀ ló pọ̀ sí, ó sì ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tó máa mí. Tí ilẹ̀ bá jẹ́ amọ̀ tó ń gba omi dúró, àrùn kan tó ń jẹ́ Phytophthora á dé, gbòǹgbò á dúdú á jẹrà, ewé á kéré sí i, á máa pọ́n, ẹni tó ni ín á rò pé òùngbẹ ló ń gbẹ igi, á tún bomi sí i. Ìbẹ́pẹ náà rí bẹ́ẹ̀, òun tiẹ̀ burú jù, ọjọ́ méjì pé kí omi bò ó nídìí, ó lè kú. Torí ẹ̀ ni mi ò fi í gbin nǹkan kan láìkọ́kọ́ gbẹ́ ihò. Mo máa gbẹ́ ihò tó jìn tó ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà, mo máa da omi kún un, mo máa jẹ́ kó lọ tán, mo máa tún da omi kún un, mo máa wá fi rúlà wọ̀n ọ́n. Tí omi bá ń relẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà méjì àti ààbọ̀ ní wákàtí kan, ó dáa. Tí ẹ bá padà dé tẹ́ ẹ bá a bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ má gbin píà síbẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ kó ilẹ̀ jọ kó ga bí ebè ńlá kẹ́ ẹ tó gbìn ín sórí ẹ̀. Orí ebè ni tèmi wà.

Ṣé ẹ rí gbogbo èyí, inú ìwé kọ́ léèyàn ti máa mọ ti ọgbà ara ẹ̀. Kí n tó ra igi, mo fẹ́ràn kí n wo ilẹ̀ yẹn fún ọdún kan gbáko tí àyè bá wà. Tẹmọ́mítà kékeré kan tó ń tọ́jú nọ́ńbà tó ga jù àtèyí tó relẹ̀ jù, mo gbé e kọ́ síbi tí oòrùn ò ti ní í kàn án tààrà. Agolo kan tí ẹnu ẹ̀ àti ìdí ẹ̀ fẹ̀ bákan náà, mo gbé e sí gbangba, tí òjò bá dá, mo ń fi rúlà wọn omi inú ẹ̀ mo ń kọ ọ́ sínú ìwé. Tí ọdún bá yí po, èèyàn á mọ bí ọ̀gbẹlẹ̀ ọ̀dọ̀ ẹ̀ ṣe gùn tó, á mọ oṣù tí òru tutù jù, á mọ ìgbà tí atẹ́gùn ń jà. Lẹ́yìn náà mo máa ń rìn yí àdúgbò po, mo ń wo igi tó ti darúgbó tó sì ń so, mo ń béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà tó ni ín pé oṣù wo ló ń tanná, oṣù wo ni wọ́n ń ká a, ṣé ọdọọdún ni àbí ọdún kan so ọdún kan sinmi. Igi tó ti so fún ogún ọdún nítòsí yín ti dáhùn gbogbo ìbéèrè tẹ́ ẹ fẹ́ bi ẹni tó ń ta igi.

Kẹ́ ẹ tún ṣọ́ra fún nọ́ńbà zone tẹ́ ẹ máa ń rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fún apá kọ̀ọ̀kan lórí máàpù òtútù kan. Ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀gbìn ní Amẹ́ríkà ló ṣe máàpù yẹn, èyí tó tuntun jù jáde lọ́dún 2023, apá 13 ni wọ́n pín in sí. Ó wúlò gan-an fún ẹni tí òtútù lè pa igi ẹ̀. Àmọ́ bí òtútù ṣe ń le tó lọ́dọọdún nìkan ló ń wọ̀n, kò sọ nǹkan kan nípa òjò, kò sọ bí ooru ṣe ń pẹ́ tó. Aṣálẹ̀ àti igbó kìjikìji lè ní nọ́ńbà kan náà. Igi dábínù ń fẹ́ ooru gbígbẹ, tí òjò bá bá èso ẹ̀ nígbà tó ń pọ́n, èso á là, á kan, á bàjẹ́. Ẹ lè gbìn ín sílẹ̀ olójò kó sì ga fíofío, èso tẹ́ ẹ torí ẹ̀ gbìn ín lẹ ò ní rí jẹ.

Nínú ọgbà kan náà pàápàá, ojú ọjọ́ kì í ṣe ọ̀kan. Atẹ́gùn tútù wúwo, ó máa ń ṣàn lọ sísàlẹ̀ lóru, ibi tó bá tẹ̀ kòtò ló ń kó jọ sí, níbi tí yìnyín ti ń bolẹ̀, igi tó wà nínú kòtò á kú, èyí tó wà lókè díẹ̀ lórí ilẹ̀ kan náà kò ní í mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Ògiri máa ń mu oòrùn lọ́sàn-án, á sì máa tú ooru ẹ̀ sílẹ̀ lóru. Ní Montreuil lẹ́bàá Paris, láti àwọn ọdún 1600 sí 1699, àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ mọ ògiri káàkiri oko, wọ́n na ẹ̀ka igi peach mọ́ ara ògiri yẹn, ni wọ́n bá ń kórè èso tó fẹ́ ooru níbi tó yẹ kó ti tutù jù fún un. Níbi tí ooru ti pọ̀ jù, ògiri yẹn kan náà lè jó igi kékeré, ibẹ̀ lẹ máa gbin nǹkan sí lápá ibòji ẹ̀. Atẹ́gùn ńkọ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ìbẹ́pẹ kì í fara da atẹ́gùn líle, ẹ̀yìn ilé tàbí ẹ̀yìn ọgbà igi ni mo máa ń fi wọ́n sí.

Lórí kóró tàbí gíráfútì, mi ò ní í pẹ́ níbẹ̀. Gíráfútì ni igi tí wọ́n gé ẹ̀ka ara igi tó ti ń so, tí wọ́n wá so ó mọ́ ìdí igi kékeré míì títí wọ́n fi di ọ̀kan. Ìbẹ́pẹ, ẹ fi kóró gbìn ín, ó máa so láàárín ọdún kan tàbí kó lé díẹ̀. Kóró ápù kì í jọ ìyá ẹ̀. Kóró píà náà kì í jọ ìyá ẹ̀, ó sì lè pẹ́ tó ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ kó tó so, tí gíráfútì ẹ̀ máa ń so láàárín ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin. Máńgòrò ló yàtọ̀: àwọn irú kan wà tí kóró kan ṣoṣo máa ń hu ọmọ púpọ̀, àwọn ọmọ yẹn sì sábà máa ń jọ ìyá wọn gẹ́lẹ́, àwọn irú míì kóró kan ọmọ kan, ìyẹn ò dájú. Ohun kan tí mi ò fi ń ṣeré ni orúkọ. Tí mo bá dé nọ́sìrì, tí mo bi wọ́n pé irú wo nìyí, tí wọ́n ní ṣáà máa gbé e lọ ó ń so dáadáa, mi ò ní í gbé e. Téèyàn ò bá mọ orúkọ, kò lè mọ ìdílé ẹ̀, kò lè mọ òtútù tó fẹ́, kò lè mọ ìgbà tó ń tanná, gbogbo ohun tí mo ti ń sọ látẹ̀yìn wá ti wọmi nìyẹn.

Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni mo máa ń gbìn ín, kí gbòǹgbò lè ríbi dúró sí kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó dé. Ihò tó fẹ̀ ló dáa ju ihò tó jìn lọ. Ibi tí wọ́n ti so gíráfútì pọ̀, ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ bò ó láéláé. Ẹ fi koríko gbígbẹ tàbí ewé bo ilẹ̀ yíká ìdí igi kó nípọn, àmọ́ kẹ́ ẹ fi àyè tó ìbú ọwọ́ sílẹ̀ lára igi fúnra ẹ̀, torí tí koríko bá lẹ̀ mọ́ èèpo igi, á jẹrà, ìkán náà á sì ríbi gbà wọlé. Lọ́dún àkọ́kọ́ ẹ bomi rin ín lẹ́ẹ̀kan kó wọlẹ̀ dáadáa, kẹ́ ẹ tó tún bomi rin ín lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ó sàn ju kẹ́ ẹ máa wọ́n díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, torí ibi tí omi bá dé ni gbòǹgbò máa lọ. Fún igi tó ti dàgbà bíi máńgòrò, mo máa ń dáwọ́ omi dúró pátápátá lásìkò tó yẹ kó tanná, ó máa ń ṣòro fáwọn èèyàn láti gbà, wọ́n á ní igi ń ṣòùngbẹ. Ẹ jẹ́ kó ṣòùngbẹ díẹ̀, òdòdó ló fẹ́ yọ.

Ohun tó wá ń jẹ mí lọ́kàn jù báyìí ni pé ojú ọjọ́ tá a fi ń ṣírò gbogbo èyí, ó ń yí. Ní Kyoto lórílẹ̀-èdè Japan, ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tí wọ́n ti ń kọ ọjọ́ tí òdòdó ṣẹ́rì ń tú jáde tán pátápátá, lọ́dún 2021 ọjọ́ 26 oṣù March ló bọ́ sí, títí dọ́dún yẹn, kò tíì yá tó bẹ́ẹ̀ rí nínú gbogbo àkọsílẹ̀ tí wọ́n ní. Níbi tí wọ́n ti ń gbin ápù, wákàtí òtútù ń dín kù láwọn ibì kan. Nínú ìwé tèmi náà, mo ń rí i pé òjò kì í dé ní ọ̀sẹ̀ tó máa ń dé tẹ́lẹ̀ mọ́, nígbà míì ó ń bá òdòdó máńgòrò níta. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi í gbin irú kan ṣoṣo mọ́ lára igi kankan. Mo ní máńgòrò tó máa ń tètè tanná, mo ní èyí tó máa ń pẹ́, tí òjò bá gba ọ̀kan, èkejì ṣì wà lórí igi. Píà méjì, ọ̀kan A ọ̀kan B, ìdílé wọn ò sì dọ́gba. Ọsàn wẹ́wẹ́ wà níbẹ̀ tó ń so nígbà tí àwọn tó kù ń sinmi. Ìwé yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi, mo ń kọ ọjọ́ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn bá tanná sí i, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye òjò tó rọ̀ lóṣù yẹn, òun ni mo sì máa ṣí wò kí n tó pinnu igi tí mo máa gbìn tẹ̀ lé wọn.